Ọmọ tí kò ní káàdì

Àkúrẹ́,
Ọjọ́bọ̀.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ìwọ àti àwọn ará Maiduguri. Ṣé ara le?

Ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, obìnrin kan pọn ọmọ wá sí ilé ìwòsàn wa láti àdúgbò Ṣáṣá fún abẹ́rẹ́ àjẹsára. Bama, ní Borno yín, ni wọ́n ti sá wá nítorí ogun. Ẹnì kan nínú wa ní kó lọ mú káàdì àjẹsára ọmọ wá. Káàdì wo? Ẹni tó fi ilé sílẹ̀ nínú iná! Kí n tó gbọ́, ó ti lọ. Mo sáré dé títì, mi ò rí i.

Ṣebí ìwọ lo kọ́ mi: ọmọ tí kò ní káàdì, ká wo apá òsì rẹ̀ bóyá àpá abẹ́rẹ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ wà níbẹ̀, ká ka ìyókù sí èyí tí kò gbà, ká sì bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ̀kán oògùn rọpárosẹ̀ bá lé, kì í pa ọmọ lára. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ gan-an ni àrùn ń wá. Lọ́dún 2016, tí a ti rò pé rọpárosẹ̀ ti tán nílẹ̀ wa, Borno yín ló ti tún yọjú, lára ọmọ mẹ́rin, níbi tí ogun ò jẹ́ kí oògùn dé.

Mo tún ń ronú nípa Gaza. Oṣù Kẹfà ọdún 2024, omi ìdọ̀tí ni wọ́n bù ní Khan Younis àti Deir al-Balah tí wọ́n fi rí kòkòrò rọpárosẹ̀. Ogun ń jà, ẹnì kan ń bu omi ẹ̀gbin sínú ìgò! Ní oṣù Kẹjọ, àyẹ̀wò fi hàn pé rọpárosẹ̀ ló mú kí ẹsẹ̀ ọmọ oṣù mẹ́wàá kan rọ. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ fún ọdún 25. Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dá ìjà dúró fún wákàtí díẹ̀ lójúmọ́, láti agbègbè kan dé òmíràn, tí wọ́n fi kán oògùn sẹ́nu ọmọ tó lé ní 500,000.

Lọ́dọ̀ tiwa, tí ẹsẹ̀ ọmọ bá ṣàdédé rọ, a ó gba ìgbẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, a ó fi yìnyín sí i, ó di yàrá àyẹ̀wò ní Ìbàdàn. Ní àgọ́ àwọn tí ogun lé kúrò nílé, níbi tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́ ńkọ́, ta ló ń tètè sọ fún yín? Ṣé àwọn búlámà, olórí àdúgbò, ni, àbí àwọn ìyá fúnra wọn?

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, màá gbé kúlà oògùn mi lọ sí Ṣáṣá, màá wá obìnrin yẹn láti ilé dé ilé. Jọ̀ọ́, kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi kí ọjọ́ náà tó pé: báwo ni wọ́n ṣe ń sọ ní èdè Kanuri pé, "Ẹ má bínú, ẹ gbé ọmọ wá"?

Èmi ni,
ọ̀rẹ́ rẹ.