Afárá Oko Wa àti Owó Káńsù

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Lóṣù tó kọjá, mo fi ọ̀kadà gbé ìyá mi bọ̀ láti oko wá sí Òṣogbo. Nígbà tá a dé afárá, pákó ti jẹrà. Mo pọ̀n wọ́n sọdá, omi dé orúnkún mi.

Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 fi ọ̀nà abúlé, gọ́tà àti ọjà sábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Kánsẹ́lọ̀ wa mọ afárá náà dáadáa. Ó ní owó ò tíì dé. Ṣùgbọ́n ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ ti dájọ́ ní July 2024 pé kí owó káńsù máa lọ sọ́wọ́ káńsù tààrà.

Ẹ jọ̀ọ́, kí káńsù wa máa lẹ ìṣirò owó tó ń wọlé àti èyí tó ń ná mọ́ ara ògiri sẹkitéríàtì rẹ̀, lédè Yorùbá.

Ọmọ àgbẹ̀ kan,
Òṣogbo