Àbẹ̀kẹ́, olorì Hàítì yìí ò jẹ́ kí n sùn

Ìbàdàn,
Ọjọ́ 14, oṣù Kẹfà

Àbẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

O kú ọjọ́ mẹ́ta, o kú iṣẹ́, o kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Mo yà kí màmá rẹ lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá. Ara wọn dá ṣáṣá. Súẹ́tà tó o fi ránṣẹ́ bá wọn mu, òun ni wọ́n ń wọ̀ lọ sí ìsìn òru. Wọ́n ní kí n bá wọn kí ọ dáadáa, pé àdúrà ò dá lórí rẹ.

O béèrè pé ibo ni ìwé ìtàn tí mò ń kọ dé. Ibi tó dé yẹn gan-an ni kò jẹ́ kí n tètè fèsì. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo ti kọ orí kẹrin, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo ti fà á ya. Alẹ́ àná ni mo tó rí ojú ọ̀nà, mo sì fẹ́ sọ ọ́ fún ọ kó tó bọ́ lọ́wọ́ mi.

Jẹ́ kí n rán ọ létí obìnrin tí ìwé náà dá lé lórí, torí nígbà tí mo ń ròyìn rẹ̀ fún ọ lórí fóònù, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń já. Marie-Louise lorúkọ rẹ̀. Ọdún 1778 ni wọ́n bí i ní Hàítì, nígbà tí àwọn Faransé ṣì ń fi ẹrú gbin ìrèké níbẹ̀. Bàbá tirẹ̀ kì í ṣe ẹrú. Òtẹ́ẹ̀lì ló ní, ní ìlú Cap-Français. Nínú òtẹ́ẹ̀lì yẹn ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Henri Christophe ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n fẹ́ra ní 1793, nígbà tí ogun àwọn ẹrú ti mú gbogbo àgbègbè náà gbóná. Christophe di jagunjagun, ó di ọ̀gágun. Hàítì gba òmìnira ní 1804, wọ́n pín sí méjì lẹ́yìn náà, nígbà tó sì di oṣù Kẹfà ọdún 1811, wọ́n dé tọkọtaya náà ládé, ọba àti olorì apá àríwá.

Adé yẹn ò pé ọdún mẹ́wàá lórí wọn. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1820, àìsàn kọlù ọba nínú ṣọ́ọ̀ṣì, kò lè dá rìn mọ́. Àwọn sójà gbọ́, wọ́n ṣọ̀tẹ̀. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹwàá, nínú ààfin Sans-Souci tó kọ́ sí Milot, ọba fi ìbọn pa ara rẹ̀.

Ibi tí mo ti ń ṣubú nìyí, Àbẹ̀kẹ́. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ kọ ọ́, ọwọ́ mi sáré kọ pé “Ọba wàjà.” Mo kà á sókè, ó dùn létí mi, àmọ́ kì í ṣe òótọ́. Ọba tó bá wàjà, ìlú ló sin ín, àwọn tó mọ ètùtù ló ṣe é, ẹlòmíì á sì gorí ìtẹ́. Mo pa á rẹ́. Mo wá kọ pé ó ṣígbá wò, bí Aláàfin ayé àtijọ́ tí Ọ̀yọ́ Mèsì bá kọ̀. Èyí ló wá tàn mí jẹ jù, torí ọ̀rọ̀ náà jọra: ọba tí ìlú kọ̀, tó fọwọ́ ara rẹ̀ lọ. Ọmọkùnrin rẹ̀ tó yẹ kó jọba, ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà ni wọ́n pa á, mo sì rántí pé Àrẹ̀mọ Ọ̀yọ́ náà máa ń bá bàbá rẹ̀ kú kí Àtìbà tó fòpin sí àṣà yẹn. Mo kọ, mo kọ, ojú ewé mẹ́sàn-án, ó ń dà wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ bí òjò.

Ìgbà tí ilẹ̀ mọ́ tí mo tún un kà ni mo rí i pé kò sí Hàítì nínú rẹ̀ mọ́. Mo ti sọ obìnrin náà di olorì Ọ̀yọ́ tó kàn ń jẹ́ orúkọ Faransé. Bẹ́ẹ̀, kò sí Ọ̀yọ́ Mèsì ní Milot. Ẹnikẹ́ni ò gbé igbá fún Christophe. Ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀ ló rán lọ bá àwọn ọlọ̀tẹ̀ jà, wọ́n débẹ̀, wọ́n sì dara pọ̀ mọ́ wọn. Ọmọ yẹn náà kò bá bàbá rẹ̀ lọ gẹ́gẹ́ bí àṣà kankan. Àwọn sójà ló gún un pa, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún.

Àná ni mo jókòó, mo bi ara mi pé kí lobìnrin yìí máa sọ tó bá wọ yàrá yẹn. Ọmọ olótẹ́ẹ̀lì ni, láti kékeré ló ti ń rí àlejò tó ṣàìsàn, àlejò tó kú, ẹrù tó yẹ kí wọ́n gbé kílẹ̀ tó mọ́. Mo wá kọ ọ́ báyìí: “Ọkọ mi ti kú. Ẹ wá nǹkan tí a máa fi gbé e.” Kò sí ọba, kò sí àjà, kò sí igbá. Mo bú sẹ́kún nígbà tí mo kọ ọ́ tán, ni mo fi mọ̀ pé mo ti dé ibẹ̀.

Torí pé gbígbé ni wọ́n gbé e lóòótọ́. Òun àti àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjì, Améthyste àti Athénaïs, pẹ̀lú àwọn díẹ̀ tí kò sá lọ, ló gbé òkú ọba lóru gun òkè lọ sí odi ńlá tó kọ́, Citadelle, káwọn èèyàn má baà fi òkú náà wọ́lẹ̀. Inú aṣọ tí wọ́n ń so rọ̀ láti fi sùn ni wọ́n gbé e sí. Wọ́n débẹ̀, wọ́n rì í mọ́ inú ẹfun tí wọ́n fi ń mọlé. O mọ̀ pé mi ò lè kọ ohun tí ara mi ò mọ̀. Mo lọ sí Ìdànrè lóṣù tó kọjá, mo gbé gálọ́ọ̀nù omi kan dání, mo gun àtẹ̀gùn òkè yẹn. Kò tíì pẹ́ tí okùn rẹ̀ fi já mi lọ́wọ́ jẹ. Ohun tí mi ò fọkàn sí tẹ́lẹ̀ ni pé ẹni tó bá ń gbé ẹrù gun òkè kì í wo iwájú. Gìgísẹ̀ ẹni tó ṣáájú rẹ̀ nìkan ló ń wò. Mo ti fi ìyẹn sínú ìwé: ní gbogbo ọ̀nà yẹn, gìgísẹ̀ ọmọ rẹ̀ ni Marie-Louise ń wò, ẹrẹ̀ sì ti dé eteetí aṣọ ṣẹ́dà tí ọmọ náà wọ̀.

Ọ̀rẹ́ mi, mi ò fẹ́ kí àánú obìnrin yìí sọ mí di òpùrọ́. Odi tí wọ́n gbé òkú náà lọ, ipá ni wọ́n fi kó àwọn tálákà kọ́ ọ, àwọn kan sì kú sẹ́nu iṣẹ́ náà. Àwọn tó ṣọ̀tẹ̀ ní ẹjọ́ tí wọ́n máa rò. Ìdí nìyẹn tí mo fi dá ìyá àgbà kan sínú ìtàn náà, ìránṣẹ́ nínú ààfin, ọmọ ilẹ̀ wa tí wọ́n kó lẹ́rú dé ibẹ̀. Nàgó ni wọ́n ń pe irú wa lọ́hùn-ún, wọ́n sì ń bọ Ògún títí dòní. Ọmọ ìyá àgbà yìí kú sábẹ́ òkúta odi. Òun náà bá wọn di igi tí wọ́n fi gbé òkú náà mú lóru yẹn, kò sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi dókè. Mo fẹ́ kí òǹkàwé máa gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀.

Ibi tí ìbọn ti dún tí ọba ti ṣubú ni ọ̀pọ̀ èèyàn á ti pa ìwé dé. Èmi ò gbà. Ọgbọ̀n ọdún lobìnrin yìí tún lò láyé! Boyer tó gba ìjọba dáàbò bò ó, nígbà tó di 1821 ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ wọkọ̀ òkun lọ sí England. Ọ̀dọ̀ Thomas Clarkson, ọ̀kan nínú àwọn tó bá òwò ẹrú jà, tó sì ti ń kọ̀wé sí ọba tẹ́lẹ̀, ni wọ́n gbé fún àkókò kan ní Suffolk. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ó kó lọ sí Pisa, ní Ítálì. Ibẹ̀ ló ti sin Améthyste ní 1831, ó sin Athénaïs ní 1839. Òun nìkan ló kù. Ó kú ní oṣù Kẹta ọdún 1851.

Bí mo ṣe máa kọ ọdún méjìlá tó gbẹ̀yìn yẹn ni mi ò tíì mọ̀. Kò sí ogun níbẹ̀, kò sí ọlọ̀tẹ̀. Obìnrin kan tó jí, tó ti fèrèsé sílẹ̀, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ò sì sí níbẹ̀ mọ́ láti kí i. Àmọ́ ti England ni mo fẹ́ kó o bá mi ṣe, ìwọ tó o wà níbẹ̀. Marie-Louise gbé Hastings, ìlú etí òkun kan, fúngbà díẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ náà. Nígbà tí òtútù bá dé, jọ̀ọ́, wọ ọkọ̀ ojú irin lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ tó ò bá níṣẹ́. Bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ létí òkun, kó o dúró. Kọ̀wé sí mi pé ìka wo ló kọ́kọ́ kú, ọwọ́ wo lo fi pa á mọ́, àti bóyá afẹ́fẹ́ ibẹ̀ máa ń jẹ́ kéèyàn gbọ́ ohùn ara rẹ̀.

Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Àjọkẹ́