Kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ rẹ tó wà ní Ìlọrin

Ìlọrin,
Oṣù Kẹwàá.

Sàlámọ́tù ọ̀rẹ́ mi,

Àsàláámù àlékùn. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo ilé wà? O kú òtútù Kánádà o. Mo ti rí àwòrán kọ́bọ́ọ̀dù rẹ tí àbúrò rẹ yà, mo sì gbọ́ pé bí o bá ti dé ní ìparí oṣù kọkànlá, káfíńtà ni o fẹ́ kọ́kọ́ pè kó wá kan òmíràn mọ́ ọn. Jọ̀wọ́, má tíì pè é. Àìsí àyè kọ́ ló ń ba aṣọ rẹ jẹ́. Èyí tó wúwo ló wà lórí háńgà, èyí tó yẹ kó wà lórí háńgà wà nísàlẹ̀ Ghana-must-go, ọ̀rá sì ti bo ìdajì wọn láti ìgbà tí o ti lọ. Bí kálukú bá wà níbi tó bá a mu, kọ́bọ́ọ̀dù yẹn á gbà wọ́n, àyè á tún ṣẹ́ kù.

Àsìkò tí o mú dára gan-an. Òjò á ti dáwọ́ dúró nílé níbí, eruku ọyẹ́ kò sì ní tíì le. Bó bá fi di oṣù kejìlá tàbí oṣù kìíní, gbogbo ohun tí o bá tú síta ni eruku á wọ̀.

Ọjọ́ méjì ni kí o yà sọ́tọ̀ fún un. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tẹ́ ẹní sílẹ̀, kó gbogbo rẹ̀ jáde pátá. Má ṣe dúró lẹ́nu kọ́bọ́ọ̀dù máa ṣà wọ́n, torí èyí tó bá ṣì so kọ́, ojú á fò ó. Bó bá ti ṣófo, tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀yìn pákó ìsàlẹ̀ àti igun tó fara ti ògiri ìta. Bí o bá rí erùpẹ̀ tó là tínínrín gun pákó, ikán ni. Nínù nìkan kò tó o, inú ilẹ̀ tàbí inú ògiri ló ti ń wá. Pe ẹni tó ń fi oògùn pa á kí aṣọ kankan tó padà síbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé pákó ló bu, tó funfun lójú, fi omi ọṣẹ nù ún, fi aṣọ gbígbẹ tẹ̀lé e, kọ fáànù sí i, kí o sì ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ mọ́jú. Aṣọ tó ti bu, ìta ni kí o ti gbọ̀n ọ́n, kí o fi nǹkan bo imú.

Ṣíṣà ló máa gba agbára rẹ jù, pàápàá aṣọ ẹbí. Má fojú wọn aṣọ, wọ̀ ọ́ wò. Èyí tó bá fún ọ, yí inú rẹ̀ síta ná kí o tó ní kí wọ́n gbé e lọ. Bí aránṣọ bá fi inṣi 1 sílẹ̀ nínú ojú rírán ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, tiwájú tẹ̀yìn, a lè tú u kí a sì mú ìdajì inṣi nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan: bùbá náà á fi inṣi 2 gbòòrò sí i. Léèsì máa ń gba àtúntú yìí dáadáa, ojú abẹ́rẹ́ àtijọ́ kì í hàn láàárín ihò rẹ̀. Àǹkárá tó ti ṣá kò gbà á, torí ibi tó ti sá pamọ́ sínú rírán kò ṣá, ìlà á sì là á gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Èyí tí o bá ti pinnu pé kó jáde, fọ̀ ọ́, lọ̀ ọ́, di ìró àti bùbá rẹ̀ pọ̀, kí ó sì kúrò nílé lọ́jọ́ náà gan-an. Aṣọ tí bọ́tìnnì ti já kúrò lára rẹ̀ kò yẹ ní fífi ṣe sàráà. Báàgì tó bá sì sun ọ̀sẹ̀ kan lẹ́nu ọ̀nà, inú kọ́bọ́ọ̀dù ló ń padà sí.

Wàyí o, aṣọ òfì. Mo rí agbádá ẹtù bàbá rẹ lórí háńgà wáyà nínú àwòrán yẹn, ó sì dùn mí. Tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n hun irú aṣọ bẹ́ẹ̀, nǹkan bí inṣi 4 ní ìbú, kí wọ́n tó rán an pọ̀. Bó bá so rọ̀ láti èjìká fún ọdún mélòó kan, ìwúwo rẹ̀ ni yóò fa ojú rírán náà ya, wáyà á sì dípẹtà sí i lọ́rùn. Sọ ọ́ kalẹ̀. Sá a sábẹ́ ibòji fún wákàtí méjì, má ṣe sá a sínú oòrùn, torí aró ẹtù máa ń ṣá. Ká a kí iṣẹ́ ọnà ọrùn rẹ̀ wà nínú, fi aṣọ òwú funfun àtijọ́ wé e. Kí aṣọ ìwélé náà má ní sítáṣì lára: kòkòrò pẹlẹbẹ aláwọ̀ fàdákà yẹn, sítáṣì ló ń jẹ. Má fi ìwé ìròyìn wé e, tàdáwà rẹ̀ á ràn. Má fi ọ̀rá wé e, ọ̀rinrin tó bá wà nínú kò ní rí ọ̀nà jáde. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, kí àbúrò rẹ tú u, kó ká a gba ibòmíràn. Àwọn òfì ìgbàlódé tó ní òwú dídán, ara páìpù páálí ni kí o yí wọn mọ́, torí òwú náà máa ń ṣẹ́ níbi tí a bá ti ká a. Bí sányán gidi bá wà níbẹ̀, fún un ní àpótí tirẹ̀. Òwú kòkòrò ni sányán, irú èyí ni ìdin tó ń jẹ aṣọ fẹ́ràn. Ìdin náà kì í sábà jẹ aṣọ òwú lásán, àfi bí òógùn tàbí ọbẹ̀ bá wà lára rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí aṣọ tí a wọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré fi gbọ́dọ̀ di fífọ̀ kó tó wọlé.

Ìró àti bùbá tó kù, tẹ́ ìró sílẹ̀, to bùbá, ìborùn àti gèlè sí àárín rẹ̀, kí o fi ìró náà ká wọn mọ́ra. Gbogbo ẹ̀yà aṣọ kan á wà lójú kan, o kò ní máa wá gèlè kiri. Yọ píìnì kúrò lára gèlè. Fi àjákù aṣọ dì í, má fi rọ́bà dì í, ooru máa ń yọ́ rọ́bà mọ́ aṣọ. Má tò wọ́n kọjá inṣi 10 ní gíga, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, bí o bá fa ti ìsàlẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló ń wó.

Kaftáànì, jalámíà àti síkẹ́ẹ̀tì ló yẹ háńgà. Léèsì olókùúta, kíká ni. Bí irin ìfikọ́ bá gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 4 lọ, kí káfíńtà fi òpó kan gbé e láàárín, iṣẹ́ tirẹ̀ kò ju ìyẹn lọ.

Kánfọ̀ ńkọ́? Má ṣe fi sí aṣọ ọmọ ìkókó, má sì fi sí aṣọ tí a fi ń pọn ọ́n. Àwọn ọmọ kan wà tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò gbà á, ó sì pọ̀ láàárín wa: èròjà kan tí wọ́n ń pè ní G6PD ló dín lára wọn. Òórùn rẹ̀ lè mú kí ẹ̀jẹ̀ wọn máa fọ́, kí ojú wọn sì pọ́n bíi ti ibà pọ́njú. Inú àpótí tó dé dáadáa nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́. Di í sínú aṣọ, gbé e sókè aṣọ, torí ìsàlẹ̀ ni òórùn rẹ̀ ń lọ. Sá aṣọ náà dáadáa kí o tó wọ̀ ọ́.

Bí o bá ń bọ̀, bá mi ra bébà funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí kò ní ásíìdì, èyí tí wọ́n fi ń tọ́jú aṣọ àtijọ́. Agbádá bàbá rẹ nìkan á gbà tó mẹ́wàá.

Kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ fún mi. Ọlọ́run á mú ọ délé láyọ̀.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Múínátù