Kí a tó pè é ní àrùn ìdílé

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn yín pé àrùn ìdílé ni vitiligo, àìsàn tó ń sọ ara ènìyàn di funfun níbìkọ̀ọ̀kan, nítorí pé àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti rí i nínú jíìnì, ìlànà àjogúnbá tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì ara. Ẹ ò purọ́. Àmọ́ ìdajì ọ̀nà lẹ ti já ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, ìdajì yẹn ló sì tú ìdána kan ká ní Ẹ̀pẹ́ níbí.

Ọmọ àbúrò mi obìnrin ló ni ìdána náà. Ẹja ló ń yan, ọjà Olúwo ló ti ń rà á. Bó bá ń la epìyà, ẹ̀gún ẹ̀yìn ẹja a máa gún un lọ́wọ́. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ojú ibi tí ẹ̀gún ti gún un gan-an ló kọ́kọ́ funfun, lórí oríkèé ìka, kò ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ. Nígbà tó yá, ó yọ sí ètè, ó yọ sí ìpéǹpéjú. Kò dùn ún. Àwọn oníbàárà kan bẹ̀rẹ̀ sí í ju owó sínú agbọ̀n kí ọwọ́ wọn má baà kan tirẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀tẹ̀ ni. Kòkòrò ló ń fa ẹ̀tẹ̀. Èyí kì í ràn rárá.

Ó fara da ìyẹn. Èyí tó ṣe é léṣe ni ti àwọn àna. Gbogbo wa la mọ̀ pé ká tó fọmọ fọ́kọ, a ó wádìí ilé: ṣé kò sí wèrè, ṣé kò sí wárápá níbẹ̀? Ẹnì kan ka ohun tí ẹ kọ sí wọn létí, wọ́n sì ránṣẹ́ pé ká má bínú, àwọn ò ṣe mọ́. Ìdána ku ọjọ́ mọ́kànlá.

Olùkọ́ Báyọ́lọ́jì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ bí mo ti ń ṣe fáwọn ọmọ. Jíìnì ènìyàn tó nǹkan bí 20,000, àwọn kan náà ló sì wà nínú awọ ojú àti nínú ẹ̀dọ̀. Kí ló dé tí ojú kì í ṣe ẹ̀dọ̀? Bí ẹni pé gbogbo ọmọ jogún àpótí aṣọ kan náà ni. Ẹ̀wù tí kálukú mú wọ̀ ló yàtọ̀. Èyí tó wà nísàlẹ̀ àpótí kò sí lọ́rùn ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀wù tí sẹ́ẹ̀lì wọ̀ sọ́rùn, ìyẹn jíìnì tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, ni àwọn olùwádìí ń wò báyìí. Wọn a fi ẹ̀rọ fa awọ etí àmì funfun náà díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi ní ìléròrò, wọn a fa omi inú rẹ̀, wọn a sì yẹ sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ wò láti mọ jíìnì tó ń ṣiṣẹ́ jù. Wọ́n rí i pé àwọn tó ń dáhùn ìpè interferon-gamma ni, ìyẹn ohun tí àwọn ọmọ ogun ara fi ń ránṣẹ́ sí sẹ́ẹ̀lì mìíràn pé ìjà dé. Ọ̀kan nínú wọn, CXCL10, ló ń ké sí àwọn ọmọ ogun ara pé kí wọ́n máa bọ̀. Bí wọ́n bá dé, wọ́n á dojú ìjà kọ sẹ́ẹ̀lì tó ń fún awọ wa ní dúdú rẹ̀. Oògùn kan tó ń jẹ́ ruxolitinib, tí wọ́n ti ń lò tẹ́lẹ̀ fún àrùn inú mùdùnmúdùn eegun, lè dí ìpè náà lọ́nà. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìpara rẹ̀ fún vitiligo ní oṣù Keje 2022, fún ẹni ọdún 12 sókè. Jíìnì tí ìpara lè pa lẹ́nu mọ́, ṣé òun la ó tìtorí rẹ̀ kọ ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀?

Àwa Yorùbá tí a ń bí ìbejì tó báyìí ló yẹ kó tètè yé. Ìbejì tó ti inú ẹyin kan wá, jíìnì kan náà ni wọ́n ní. Síbẹ̀, ìwádìí kan tó jáde ní 2003 rí i pé bí ọ̀kan bá ní vitiligo, nǹkan bí 23 nínú 100 péré ni èkejì náà ń ní in. N kò sọ pé jíìnì kò lọ́wọ́ sí i. Ó lọ́wọ́ sí i, àìsàn náà sì máa ń yọ lára ẹni tó ju ọ̀kan lọ nínú ìdílé mìíràn. Ṣùgbọ́n Táyé lè ní in kí Kẹ́hìndé má ní in títí ọjọ́ alẹ́.

Èkó wa yìí náà ni wọ́n ti kó ara jọ ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹfà 2011 fún Àyájọ́ Vitiligo Àgbáyé àkọ́kọ́, Ogo Maduewesi, ọmọ Nàìjíríà tí òun náà ní in, sì wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀. Kò yẹ kó jẹ́ ọ̀dọ̀ wa ni ọ̀rọ̀ náà yóò ti máa ṣókùnkùn.

Olóòtú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi parí ọ̀rọ̀ tí ẹ bẹ̀rẹ̀. Mo ti gé ojú ìwé ọjọ́ náà pamọ́. Bí ẹ bá tẹ èyí tó kù jáde, n ó gé òun náà, n ó sì kó méjèèjì lọ bá bàbá ọkọ nílé rẹ̀.

Èmi ni,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì,
Òkè-Balógun, Ẹ̀pẹ́.