Ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí òde àwọn ilé-iṣẹ́: inú ìwé àdéhùn ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ọlọ́run á máa ràn yín lọ́wọ́.

Àsìkò òde àwọn ilé-iṣẹ́ ti ń wọlé bọ̀ ní Abẹ́òkúta. Tó bá ti di oṣù Kẹwàá títí wọ Kérésìmesì, báńkì, ilé-iṣẹ́ adójútòfò, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá láti Èkó àti ẹgbẹ́ àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ni yóò máa wọ́ wá síbí: ìpàdé ọlọ́dọọdún lónìí, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lọ́la, àmì-ẹ̀yẹ fún òṣìṣẹ́ lọ́tunla. Gbọ̀ngàn àṣà June 12 ní Kútọ̀ á kún, ọgbà OOPL, ìyẹn ilé ìkàwé Ààrẹ Ọbásanjọ́, á kún, àwọn hòtẹ́ẹ̀lì Ìbarà àti Òkè-Mosàn náà á kún. Alásè ni mí, irú òde báyìí ló ń bọ́ èmi àti àwọn tó ń bá mi ṣiṣẹ́, mi ò sì fẹ́ kó dín kù. Ohun tí mo fẹ́ bá àwọn tó ń ṣe é sọ ni ti ẹrù tí wọ́n ń fi sílẹ̀ fún ìlú.

Nígbà tí àlejò bá wọkọ̀ lọ tán ni iṣẹ́ tiwa tún ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo orí tábìlì: ike omi tí wọ́n mu díẹ̀ nínú rẹ̀ tí wọ́n sì gbé kalẹ̀, páàkì tẹ́kàwéè funfun tí ìrẹsì kò tán nínú rẹ̀, ṣíbí ike tí ẹnikẹ́ni kò yọ kúrò nínú ọ̀rá. Inú àpò dúdú kan náà ni gbogbo rẹ̀ ń lọ, ọbẹ̀ á dà sára ike, ike á dà pọ̀ mọ́ oúnjẹ. Bí ọkọ̀ akólẹ̀ bá tètè dé, a dúpẹ́. Bí kò bá dé títí òjò fi rọ̀, ó di inú gọ́tà nìyẹn, láti gọ́tà ó di Sokori tàbí odò kékeré mìíràn, láti ibẹ̀ ó di odò Ògùn.

Àwa tí a wà ní Abẹ́òkúta lóṣù Keje ọdún 2018 mọ ohun tí omi lè ṣe tí kò bá rí ọ̀nà gbà. Ó wọlé, ó gbé mọ́tò, ó gbẹ̀mí. Mi ò ní purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni pé òde ilé-iṣẹ́ ló fa àkúnya yẹn. Òjò pọ̀, àwọn kan kọ́lé sójú omi, ìdọ̀tí gbogbo wa ló sì wà nínú gọ́tà. Ṣùgbọ́n ike tí kò bá wọ gọ́tà kò lè dí i. Kí àwọn tó ń ti Èkó wá náà rántí pé odò Ògùn kì í dúró sí Abẹ́òkúta. Ó ń ṣàn lọ sí Àkútè, níbi tí wọ́n ti ń fa omi sí ilé-iṣẹ́ omi Àdìyàn fún àwọn ará Èkó, kó tó lọ já sínú ọ̀sà. Ohun tí a bá dà sí i níbí, ọ̀dọ̀ wọn ló ń lọ.

Wọ́n máa ń sọ pé kí àwa alásè àti àwọn tó ni gbọ̀ngàn yí ìṣe wa padà. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ọjà wa ṣe rí, kí ẹ lè mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi ju agbára wa lọ. Tí ilé-iṣẹ́ bá fẹ́ ṣòde, wọ́n á ní kí alásè mẹ́ta tàbí mẹ́rin mú ìwé iye owó wá. Tí ẹnìkan bá ka àwo tánganran, ife gíláàsì, ṣíbí irin àti owó àwọn tó máa fọ̀ wọ́n mọ́ tirẹ̀, tí ẹnìkejì sì kọ páàkì funfun àti ṣíbí ike, owó ẹni àkọ́kọ́ á ga ju ti ẹnìkejì lọ. Ẹni tó ń yẹ ìwé wò ní ọ́fíìsì kò béèrè ìdí. Ó kàn rí i pé ọ̀kan wọ́n, ọ̀kan kò wọ́n. Alásè tó bá ti pàdánù iṣẹ́ báyẹn lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, páàkì funfun ni yóò kọ nígbà kẹta, nítorí àwọn ọmọ tó ń bá a ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ jẹun.

Ṣùgbọ́n bí ilé-iṣẹ́ náà bá ti kọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀ pé àwọn kò fẹ́ páàkì funfun, àwọn kò fẹ́ ike àlòdànù, àwo tó ṣeé fọ̀ làwọn fẹ́, orí nǹkan kan náà ni gbogbo wa á ti jọ díje. Ìwà rere ẹnikẹ́ni kò ní pa á lára mọ́. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé ọwọ́ ẹni tó ń sanwó ni gbogbo rẹ̀ wà, kó tó fọwọ́ sí ìwé. Bó bá ti di ọjọ́ òde, ó ti bọ́. Kò sí ohun tí agbálẹ̀ lè ṣe sí ike tí ọ̀gá ti rà.

Oúnjẹ ni mo mọ̀ jù, ẹ jẹ́ kí n dúró síbẹ̀ díẹ̀. Ìbẹ̀rù ló ń fa oúnjẹ tó ń ṣòfò. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹni tó ń ṣètò ní ilé-iṣẹ́ mọ̀ pé èèyàn 200 ló ṣeé ṣe kó wá. Kí oúnjẹ má baà tán lójú ọ̀gá àgbà, á sọ fún alásè pé 250 ni. Alásè náà, kí orúkọ rẹ̀ má baà bàjẹ́, á se ti 280. Lọ́jọ́ òde, òjò rọ̀, ọ̀nà dí, 170 ló dé. Oúnjẹ èèyàn 110 ló ṣẹ́kù yẹn. Ìrẹsì àti ọbẹ̀ tó ti wà nínú kúlà láti àárọ̀ kì í pẹ́ kó tó kan nínú ooru wa, ààtàn ló sì ń lọ. Tó bá ń jẹrà lábẹ́ ìdọ̀tí mìíràn níbi tí afẹ́fẹ́ kò dé, gáàsì methane ló ń mú jáde, èyí tó ń mú ayé gbóná ní ìlọ́po tó lé ní 25 ju bí èéfín kábọ́ọ̀nù ṣe ń ṣe é lọ láàárín 100 ọdún. Kó sì tó dé ààtàn, igi tàbí gáàsì ti jóná lé e lórí, omi ti lọ sí i, àgbẹ̀ ti laágùn sí i.

Ohun tó lè dín in kù kò le. Kí wọ́n ní kí àlejò fèsì lórí WhatsApp pé òun ń bọ̀, kí wọ́n tún bi wọ́n nígbà tó bá ku ọjọ́ méjì, kí iye tó fèsì sì jẹ́ iye tí alásè máa se, pẹ̀lú àfikún díẹ̀ tí a jọ fẹnu kò lé lórí. Kí àlejò máa sọ bí oúnjẹ tó fẹ́ ṣe máa pọ̀ tó níwájú ẹni tó ń bù ú, dípò kí a ti bu àwo kúnkún sílẹ̀ dè é. Kí ìwé àdéhùn dárúkọ ẹni tó ń gbé oúnjẹ tí ọwọ́ kò tíì kàn lọ kó tó kan, yálà ilé ọmọ aláìlóbìí ni o, tàbí àwọn agbálẹ̀ àti ọlọ́dẹ gbọ̀ngàn, kó sì dárúkọ ẹni tó ń wá kó ìyókù fún ẹlẹ́dẹ̀ tàbí láti fi ṣe ajílẹ̀. Láti ọdún 1988 ni yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ti wà nílùú yìí, oko ló sì yí wa ká láti Ọ̀dẹ̀dá dé Ọbáfẹ́mi-Owódé. Kò yẹ kí èèpo iṣu àti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ máa bá ike lọ sí ààtàn ní irú ìlú bẹ́ẹ̀.

Ewé ńkọ́? Kí páàkì funfun tó dé, ewé la fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín, ewé la fi ń di ẹ̀kọ, inú ewé la ti ń jẹ ìrẹsì ọ̀fàdà. Ìlú Ọ̀fàdà gan-an kò jìnnà sí wa, ìpínlẹ̀ Ògùn níbí ni. Mo ti gbé ọ̀fàdà inú ewé síwájú àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ rí, òun ló kọ́kọ́ tán, òun náà ni wọ́n ń ya fọ́tò. Tí a bá lo ewé eéran tán, ilẹ̀ á gbà á padà láìpẹ́. Páàkì funfun kì í jẹrà ní tirẹ̀. Á kàn máa rún wẹ́wẹ́ ni, ẹja á sì gbé e mì. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kéde òfin tó de páàkì yìí ní oṣù Kìíní ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ náà sì fọwọ́ sí i lọ́dún yẹn pé kí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba dẹ́kun lílo ike àlòdànù. Ó ń dùn mí pé ilé-iṣẹ́ tí olú ilé rẹ̀ wà ní Èkó á wá máa pín ohun tí wọ́n ti fòfin dè lọ́dọ̀ rẹ̀ fún àlejò ní Abẹ́òkúta.

Mo gbà pé àwo fífọ̀ ń fẹ́ omi, omi ẹ̀rọ kò sì dájú nílùú yìí. Ṣùgbọ́n tí a bá kọ́kọ́ nu èérún oúnjẹ kúrò lára àwo, tí a rẹ ẹ́, tí a wá fi bàsíà mẹ́ta fọ̀ ọ́ dípò kí a ṣí omi sílẹ̀ kó máa dà, omi tó ń lọ sí i kì í pọ̀. Owó àwo fífọ̀ sì ń bọ́ sọ́wọ́ àwọn obìnrin tó ń gbé ìlú yìí.

Ti omi mímu ló rọrùn jù. Ike ńlá tí wọ́n ń gbé sórí ẹ̀rọ omi, èyí tó ń gba bíi lítà 19, tó ike kékeré onílàjì lítà bíi 38. Tí omi inú rẹ̀ bá tán, ẹni tó tà á á gbà á padà, á sì tún omi rọ sí i. Kí wọ́n gbé bíi mẹ́rin sí ẹ̀gbẹ́ gbọ̀ngàn pẹ̀lú ife gíláàsì. Ẹni tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ bu omi sábà máa ń mu ún tán.

Bánnà náà wà níbẹ̀. PVC, irú ike kan, ló wà lára rẹ̀, èéfín olóró ló sì ń tú jáde tí wọ́n bá dáná sun ún, bí wọ́n ṣe ń ṣe lẹ́yìn ọ̀pọ̀ gbọ̀ngàn. Kí wọ́n yọ déètì kúrò lára rẹ̀, wọ́n á lè tún gbé e kọ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Ní ti ẹ̀bùn ìrántí, àpò àdìrẹ láti Ìtòkú dára ju abọ́ ike tí wọ́n kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ sí lọ. Bí kò bá sì sí ohun tó máa wúlò fún àlejò nílé, kí wọ́n má fún un ní nǹkan kan.

Jẹnẹrétọ̀ ńkọ́? Lítà dísẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo tó bá jóná, èéfín kábọ́ọ̀nù tó ń tú jáde lé ní kílò méjì ààbọ̀. Ó wúwo ju epo fúnra rẹ̀ lọ nítorí pé ó ń gba ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ mọ́ra bó ṣe ń jó. Òde tó bá bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ nínú gbọ̀ngàn tó ní fèrèsé, tó sì parí kí ilẹ̀ tó ṣú, epo tí yóò jó kò lè tó ti alẹ́. Síbẹ̀, nígbà tí àlejò bá ń ti ìlú mìíràn wá, ìrìn-àjò wọn ni èéfín rẹ̀ sábà máa ń pọ̀ jù lọ. Láti ọdún 2021 ni rélùwéè Èkó sí Ìbàdàn ti ń kó èrò, ó sì ń dúró ní Láderin níbí, ní ibùdókọ̀ tí wọ́n fi orúkọ ọmọ wa, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká, sọ. Ó yẹ kí ilé-iṣẹ́ wo àkókò rélùwéè kí wọ́n tó mú aago tí ìpàdé máa bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n háyà bọ́ọ̀sì sí Láderin láti kó èrò wọn dé gbọ̀ngàn, dípò kí ọ̀gá kọ̀ọ̀kan máa dá gbé jíìpù tirẹ̀ wá.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kò mọ̀. Àwọn tó ń ṣa ike nílùú yìí máa ń ra ike omi tó bá mọ́. Èyí tí ọbẹ̀ ti dà sí lára, wọn kì í fẹ́ fọwọ́ kàn án. Apẹ̀rẹ̀ mẹ́ta péré, ọ̀kan fún ike, ọ̀kan fún oúnjẹ, ọ̀kan fún ìyókù, pẹ̀lú ẹnìkan tó dúró tì í láti máa tọ́ àlejò sọ́nà, á jẹ́ kí àwọn tó ń ṣa ike rí nǹkan gbé lọ. Ẹnu géètì ni wọ́n sábà máa ń lé wọn sí, bí ẹni pé olè ni wọ́n. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọlé tí òde bá parí. Wọ́n ń bá wa ṣiṣẹ́ ni.

Ìlànà àgbáyé kan wà lórí gbogbo èyí, ISO 20121, tó jáde lọ́dún 2012 tí wọ́n ṣe eré Òlíńpíìkì ní Lọ́ńdọ̀nù. Mi ò sọ pé kí ilé-iṣẹ́ lọ náwó gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Ohun tó ń béèrè gan-an ni kí a ti ronú kan ọ̀rọ̀ náà nígbà tí a ń ṣètò òde, kí ẹnìkan wà tí iṣẹ́ náà já lé léjìká, kí wọ́n sì kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ kí ti ọdún tó ń bọ̀ lè dára jù ú lọ. Ìwé ojú méjì tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ karùn-ún oṣù Kẹfà, tí í ṣe ọjọ́ àyíká lágbàáyé, ilé-iṣẹ́ pọ̀ tó ń gbin igi tí wọ́n sì ń pín ike omi fún àwọn tó wá wò ó. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ẹ̀yin ọ̀gá wa.

Olóòtú, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan sí ẹ̀yin náà. Àwọn ilé-iṣẹ́ yìí máa ń pè yín wá sí òde wọn kí ẹ lè gbé e sínú ìwé ìròyìn. Tí ẹ bá ti bi ọ̀gá àgbà léèrè iye owó tí wọ́n jèrè àti iye òṣìṣẹ́ tí wọ́n fún ní àmì-ẹ̀yẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún bi í léèrè ibi tí ìdọ̀tí òde náà ń lọ àti ẹni tó ń kó o, kí ẹ sì tẹ ìdáhùn rẹ̀ jáde pẹ̀lú ìyókù.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,

Alásè kan,
Ìbarà, Abẹ́òkúta.