Kòkòrò tó wà lórí ewé ọsàn yín, labalábá ni

Sí Olóòtú,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo àwọn tó ń bá yín ṣiṣẹ́ kí ìwé ìròyìn lédè wa má baà parẹ́. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀, mo sì rò pé ojú ìwé tí ẹ fi sílẹ̀ fún àwa òǹkàwé ni ó yẹ kí n gbé e wá. Ọ̀rọ̀ labalábá ni.

Aládùúgbò mi kan ní Òkè-Báálẹ̀ níbí ní ọmọbìnrin kan tó pé ọdún mẹ́fà láìpẹ́ yìí. Aṣọ tí wọ́n rà fún un ní ọjọ́ ìbí rẹ̀, labalábá ló kún ara rẹ̀ láti ọrùn dé ìṣẹ́tí, labalábá oníbébà ni wọ́n sì lẹ̀ mọ́ ògiri yàrá tó ń sùn. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo bá ìyá ọmọ náà nídìí igi ọsàn kékeré tó gbìn sí ẹ̀gbẹ́ kànga, ó mú ike oògùn apakòkòrò lọ́wọ́, ó fẹ́ fín in sára àwọn kòkòrò tó ń jẹ ewé igi náà. Mo ní, "Ìyá wa, dákun, má tíì fín in. Labalábá lo fẹ́ pa yẹn." Ó ní, "Rárá o, Màmá. Ìdin ni. Ẹ ò rí i bó ṣe rí bí ìgbẹ́ ẹyẹ?"

Obìnrin tó kàwé dáadáa ni, ó sì fẹ́ràn labalábá tọkàntọkàn. Ohun tí kò mọ̀ ni pé ohun tí òun rà sára aṣọ ọmọ òun àti ohun tí òun fẹ́ fi oògùn pa, ọ̀kan náà ni wọ́n. Mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe olùkọ́ kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì lè jẹ́rìí pé àìmọ̀ yìí kò mọ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ nìkan.

Labalábá dúdú ńlá kan wà tí àmì tó pọ́n bí ìyeyè kún ara rẹ̀, tí àmì bí ẹyinjú sì wà ní ìyẹ́ rẹ̀ tẹ̀yìn. Kò sí ẹni tó ní igi ọsàn lẹ́yìnkùlé tí kò rí i rí. Papilio demodocus ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ewé ọsàn àti ti ọsàn wẹ́wẹ́ ló sábà máa ń yé ẹyin rẹ̀ sí, kì í sì í dédé yé e. Ẹsẹ̀ ni labalábá fi ń tọ́ ewé wò. Bí abo bá bà lé e, yóò máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ léraléra títí yóò fi dá a lójú pé èyí tí ọmọ òun lè jẹ ni, lẹ́yìn náà ni yóò lẹ ẹyin kan ṣoṣo mọ́ ọn, yóò sì fò lọ. Ọmọ tó bá pa láti inú ẹyin náà kò ní ìyá tí yóò dáàbò bò ó, ṣùgbọ́n kò ṣàìláàbò: àwọ̀ dúdú òun funfun tó wà lára rẹ̀ ní kékeré ni ó mú kó jọ ìgbẹ́ ẹyẹ, kí ẹyẹ tí ebi ń pa lè rí i kó sì kọjá lọ. Ohun tí aládùúgbò mi rí tó fi kórìíra rẹ̀ gan-an ni ohun tí Ẹlẹ́dàá fi pa á mọ́.

Bí kòkòrò náà bá ń dàgbà, awọ ara rẹ̀ kì í bá a dàgbà, nítorí náà yóò máa bọ́ ọ sílẹ̀ bí ọmọ tí aṣọ ti há mọ́ lára. Ìgbà tó bá bọ́ ọ lẹ́ẹ̀kẹrin ni ìrísí ìgbẹ́ ẹyẹ yóò kúrò, tí yóò di aláwọ̀ ewé. Bí ẹ bá fọwọ́ kàn án nígbà yẹn, yóò yọ ìwo rírọ̀ méjì tó pọ́n bí ọsàn láti ẹ̀yìn orí rẹ̀, òórùn kan tó le yóò sì ta sí yín nímú.

Mo bẹ aládùúgbò mi pé kó fún mi ní mẹ́ta nínú wọn. A kó wọn sínú apẹ̀rẹ̀, a fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn bò ó, a ń já ewé ọsàn tútù fún wọn láràárọ̀. Ọmọbìnrin náà sọ ara rẹ̀ di olùṣọ́ wọn. Bó bá ti ilé ìwé dé, kì í tíì bọ́ bàtà tí yóò fi sáré wá: "Màmá Tíṣà, ẹ káàsán mà. Ṣé wọ́n ti jẹun?" Wọ́n ti jẹun. Kí ni wọn ì bá tún máa ṣe?

Nígbà tó tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọ̀kan nínú wọn kọ oúnjẹ. Ó gun ẹ̀ka tí a gbé sínú apẹ̀rẹ̀, ó lẹ ìdí rẹ̀ mọ́ ọn, ó wá ta okùn tín-ín-rín kan yí ara rẹ̀ ká, ó fẹ̀yìn ti okùn náà gẹ́lẹ́ bí adẹ́mu ṣe ń fi igbà kọ́ ara rẹ̀ mọ́ ọ̀pẹ. Ní ọjọ́ kejì ó bọ́ awọ rẹ̀ ìkẹyìn, ohun tó ṣẹ́ kù lórí ẹ̀ka kò sì jọ kòkòrò mọ́, ewé tó ká ló jọ. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú èèpo yẹn ni mo fẹ́ kí àwọn òǹkàwé yín fara balẹ̀ rò. Púpọ̀ nínú ara kòkòrò náà ni yóò yọ́. Ẹnu tó fi ń gé ewé yóò lọ, ẹnu gígùn tó ká bí okùn, tí yóò máa fi fa omi òdòdó, ni yóò gba ipò rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti wà ní kòkòrò ni àwọn ìdì kéékèèké kan ti wà nínú rẹ̀, èyí fún ìyẹ́, èyí fún ẹsẹ̀, èyí fún ojú, tí wọ́n dákẹ́ jẹ́ẹ́ títí àkókò wọn fi tó; ohun tó yọ́ náà ni wọ́n ń fi ṣe oúnjẹ, tí wọ́n fi ń di labalábá. Ẹni tó bá pa kòkòrò náà lórí ewé, ìyẹ́ wà nínú rẹ̀ nígbà tó pa á.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrìnlá, èèpo là. Ohun tó jáde kò kọ́kọ́ wuni: ìyẹ́ rẹ̀ rún bí aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fún omi rẹ̀ kúrò. Ó rọ̀ sísàlẹ̀, ó ń ti omi ara rẹ̀ sínú àwọn iṣan ìyẹ́ náà, wọ́n sì ń nà díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n fi tẹ́jú, tí wọ́n sì gbẹ. Ọmọ náà, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, kò sọ nǹkan kan. Ìyá rẹ̀ tó ti wọṣọ láti lọ ṣí ìsọ̀ rẹ̀ lọ́jà gbé báàgì kalẹ̀, ó jókòó.

Ẹ má ṣe rò pé àwa nìkan ni a kò mọ̀. Ní ilẹ̀ Yúróòpù pàápàá, ọ̀pọ̀ èèyàn gbà fún ìgbà pípẹ́ pé inú ẹrẹ̀ àti ohun tó rà ni kòkòrò ti ń jáde. Obìnrin ará Jámánì kan, Maria Sibylla Merian, tí wọ́n bí ní ọdún 1647, wà lára àwọn tó fi ojú ara wọn wò ó tí wọ́n sì fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni nígbà tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í sin kòkòrò tó ń ṣe òwú sílíìkì, ó sì ti lé ní àádọ́ta ọdún nígbà tó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Suriname ní Gúúsù Amẹ́ríkà ní ọdún 1699 pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ obìnrin, kó lè wo àwọn labalábá ibẹ̀. Nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní ọdún 1705, ó ya kòkòrò, èèpo, labalábá àti ewé tí wọ́n ń jẹ pa pọ̀ sórí ìwé kan náà. Èyí ló wú mi lórí jù nínú iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn tó ń ya labalábá sára aṣọ àti ògiri lónìí ti yọ ewé kúrò, wọ́n ti yọ kòkòrò kúrò.

Mo mọ̀ pé ẹwà ló kọ́kọ́ ń fa ojú èèyàn mọ́ra, n kò sì kẹ́gàn rẹ̀. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, bí a bá mú labalábá, lẹ́búlẹ́búu rẹ̀ a kù sí wa lọ́wọ́, àwọn àgbà a sì ní kí a má fi ọwọ́ náà nu ojú. Ìpẹ́ ni lẹ́búlẹ́bú yẹn, ó kéré gan-an, ó sì tò léra bí páànù òrùlé. Àwa ará Òṣogbo, tí wọ́n ń fi aró kì, ló sì yẹ kí ohun tí n ó sọ yìí yà lẹ́nu ju ẹnikẹ́ni lọ: ọ̀pọ̀ labalábá tí ara rẹ̀ ń dán bí àdìrẹ tuntun, kò sí aró kankan nínú ìyẹ́ rẹ̀. Ilà wínníwínní tó wà lórí ìpẹ́ náà ló ń dá ìmọ́lẹ̀ padà lọ́nà tí ojú wa fi ń rí àwọ̀ aró. Morpho, labalábá ńlá ti Gúúsù Amẹ́ríkà, bí a bá da ọtí líle sí ìyẹ́ rẹ̀, yóò yí padà di àwọ̀ ewé, bó bá sì gbẹ tán, àwọ̀ aró rẹ̀ yóò padà wá. Àwọn ìyá wa tó lo ewé èlú àti omi eérú kò lè rí irú èyí rẹ.

Ẹ jẹ́ kí n tún mẹ́nu ba bomubọ́mù, igi tí oje funfun wà lára rẹ̀, tó máa ń hù ní etí ọ̀nà, tí àwọn tó ń tọ́jú àdúgbò sì máa ń fi oògùn apako pa. Oró wà nínú oje yẹn. Ọmọ labalábá pupa kan tó ń jẹ́ Danaus chrysippus máa ń jẹ ewé rẹ̀, oró náà kì í pa á, ara rẹ̀ ló ń tọ́jú rẹ̀ sí títí yóò fi di labalábá, ẹyẹ tó bá sì tọ́ ọ wò kò ní fẹ́ tún un ṣe. Labalábá mìíràn tí kò ní oró rárá, Hypolimnas misippus, abo rẹ̀ a máa wọ irú aṣọ kan náà bí ẹni tó ra ẹgbẹ́jọdá, kí ẹyẹ lè rò pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Àwọn àgbà ní labalábá fi ara wé ẹyẹ, kò lè ṣe ìṣe ẹyẹ. Èyí tó fi ara wé labalábá ẹgbẹ́ rẹ̀ yìí rí i ṣe.

Agbára wọn náà kò ṣeé fojú di. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2013, wọ́n rí labalábá kan tó ń jẹ́ Vanessa cardui ní etíkun French Guiana ní Gúúsù Amẹ́ríkà, níbi tí irú rẹ̀ kì í gbé. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2024 fi hàn pé láti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà wa níbí ni wọ́n ti fò, tí wọ́n la òkun kọjá fún nǹkan bí 4,200 kìlómítà. Labalábá tí kò wúwo tó gíráàmù kan ni.

Bí ẹnìkan bá ṣì ń sọ pé kòkòrò ajewé kò wúlò, kó wo aṣọ sányán tí àwọn baba wa ń wọ̀ lọ sí òde ńlá. Sányán ni baba aṣọ, àlàárì ni baba ẹ̀wù. Inú ilé tí àwọn ọmọ àfòpiná kan, Anaphe, jọ ta yí ara wọn ká ni òwú sányán ti jáde. Kòkòrò ló ta á.

A ní ànfààní kan ní ìlú yìí tí ọ̀pọ̀ ìlú kò ní. Igbó Ọ̀ṣun, tí àjọ UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní ọdún 2005, fẹ̀ tó hẹ́kítà márùndínlọ́gọ́rin, a kì í gé igi níbẹ̀, a kì í sì í dọdẹ. Àwọn labalábá inú igbó, tí ọ̀pọ̀ wọn kì í wá omi òdòdó bí kò ṣe omi èso tó ti rà sílẹ̀, ṣì lè gbé nínú irú igbó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá dúró sí bèbè odò nígbà tí oòrùn ràn lẹ́yìn òjò yóò rí wọn níbi tí wọ́n kóra jọ sórí ẹrẹ̀ tútù. Akọ ló pọ̀ jù nínú wọn. Iyọ̀ ilẹ̀ ni wọ́n ń fà, wọn yóò sì fi díẹ̀ nínú rẹ̀ ta abo lọ́rẹ nígbà tí wọ́n bá gùn. Ṣùgbọ́n igbó kan kò lè tó fún gbogbo labalábá Òṣogbo bí ẹ̀yìnkùlé wa bá di kọnkéré àti oògùn nìkan.

N kò sọ pé kí ẹni tó ń fi igi ọsàn jẹun máa wo kòkòrò títí wọn yóò fi jẹ irúgbìn rẹ̀ tán. Igi kékeré lè kú lóòótọ́. Kó fi ọwọ́ ṣà wọ́n, kó kó wọn lọ sórí igi tó ti dàgbà, tí kò ní mọ̀ pé ewé kan dín lára òun. Ẹ̀yin olùkọ́, apẹ̀rẹ̀ kan àti àlòkù nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn kò náni ní nǹkan. Ẹ gbé e sí iwájú kíláàsì fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Olóòtú, ẹ̀yin náà, mo bẹ̀ yín: nígbà mìíràn tí ẹ bá fẹ́ tẹ àwòrán labalábá, ẹ tẹ ti kòkòrò rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí àwọn ìyá lè dá a mọ̀ kí wọ́n tó gbé ike oògùn.

Méjì nínú mẹ́ta tiwa ló fò lọ. Ẹ̀kẹta kú sínú èèpo rẹ̀, ọmọ náà sì sunkún. Láná òde yìí ni ìyá rẹ̀ kan ilẹ̀kùn mi ní ìrọ̀lẹ́ pé òun tún ti rí ẹyin mẹ́rin lórí igi ọsàn ẹ̀gbẹ́ kànga, òun sì ti so aṣọ pupa kan mọ́ ẹ̀ka náà kí ẹnikẹ́ni má baà ṣèèṣì gé e.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì,
Òkè-Báálẹ̀, Òṣogbo.