Má Tíì Pa Ètò Ìwé Kíkà Yẹn Tì

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

O kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé àlàáfíà ni ìwọ àti gbogbo ará ilé wà? Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo sì kà á ní àkàtúnkà. O ní o fẹ́ pa ètò ìwé kíkà àti àsọyé tí o dá sílẹ̀ ládùúgbò yín tì, torí pé àwọn tó ń wá kò pọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí n lè fi èsì rẹ falẹ̀. Jọ̀ọ́, má tíì ṣe bẹ́ẹ̀.

O ní àwọn kan gbà ọ́ nímọ̀ràn pé kí o lọ wá gbajúmọ̀ kan tí yóò wá sọ̀rọ̀, pé èrò á ya wá. Lóòótọ́, èrò á ya wá. Wọn á gbọ́rọ̀, wọn á pàtẹ́wọ́, wọn á bá a ya fọ́tò, oníkálukú á gba ilé rẹ̀ lọ. Tó bá di ìjókòó tó tẹ̀ lé e, àwọn díẹ̀ tí o ní tẹ́lẹ̀ náà ni wàá tún rí. Lójú tèmi, kì í ṣe ẹni tó dúró níwájú ló ń gbé irú ètò yìí ró. Ohun tí àwọn tó jókòó ń bá ara wọn sọ lẹ́yìn tí onítọ̀hún bá dákẹ́ ló ń gbé e ró. Ìyẹn gan-an sì ni ọ̀pọ̀ ètò kì í fàyè sílẹ̀ fún. Olùbánisọ̀rọ̀ á lo gbogbo àkókò tán, atọ́kùn á wá ní ìbéèrè méjì péré ni àyè gbà. Ó máa ń dùn mí, torí ó ṣeé ṣe kí ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ náà jù wà lórí ìjókòó ẹ̀yìn, kó sì padà sílé láìlanu. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ètò tí ẹnì kan ṣoṣo ti gbọ́n kò tíì di ti àdúgbò.

Mo fẹ́ sọ ìtàn ètò kan fún ọ tí kò kúrò lọ́kàn mi rí. Lọ́dún 1991, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, Robert Waxler tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n nínú lítíréṣọ̀ àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Robert Kane tó jẹ́ adájọ́ jọ gbìmọ̀ pọ̀. Àwọn ọkùnrin tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi, tí ẹ̀wọ̀n ì bá kàn, ni adájọ́ ní kí wọ́n máa lọ sí yunifásítì lọ ka ìwé ìtàn àròsọ, kí wọ́n sì jíròrò lórí rẹ̀. “Changing Lives Through Literature” ni wọ́n pe ètò náà. Adájọ́ fúnra rẹ̀ bá wọn jókòó, òṣìṣẹ́ ilé ẹjọ́ tó ń mójú tó wọn náà jókòó, ìwé kan náà ni gbogbo wọn sì kà wá. Rò ó wò ná. Ẹni tó ti káwọ́ sẹ́yìn níwájú adájọ́ rí wá lè sọ fún adájọ́ pé òun kò gbà pẹ̀lú ohun tó sọ nípa ẹ̀dá inú ìtàn yìí, adájọ́ yóò sì ní láti padà sínú ìwé lọ wá ẹ̀rí tirẹ̀. Kò sí ipò tí èèyàn lè dì mú níbẹ̀ tó máa fún un láṣẹ láti sọ pé òun nìkan ló mọ ìdí tí ẹni inú ìtàn fi hùwà tó hù. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ìwé kíkà láàárín àwùjọ kì í ṣe fàájì lásán.

Òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Earl Shorris, náà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní Clemente ní New York lọ́dún 1995, fún àwọn tí owó kò sí lọ́wọ́ wọn: ìtàn, ewì, iṣẹ́ ọnà, ìmọ̀ ọgbọ́n orí (philosophy). Ọ̀rọ̀ tí obìnrin kan bá a sọ nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n ló ta á jí: pé ó yẹ kí wọ́n máa mú àwọn ọmọ tálákà lọ síbi eré orí ìtàgé, ilé musíọ̀mù, ibi orin àti ibi àsọyé. Bí wọ́n ṣe ṣètò ẹ̀kọ́ náà wú mi lórí bí ẹ̀kọ́ náà fúnra rẹ̀. Wọ́n fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níwèé lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n fún wọn lówó ọkọ̀, wọ́n sì wá ẹni tí yóò bá wọn tọ́jú ọmọ. Nítorí náà, kí o tó sọ pé àwọn ará àdúgbò yín kò fẹ́ràn irú nǹkan báyìí, kọ́kọ́ wádìí ohun tó ń dá wọn dúró. Ṣé aago tí o mú bọ́ sí àkókò iṣẹ́ wọn ni? Ṣé àtẹ̀gùn ibẹ̀ ga jù fún àwọn àgbà? Ta ló ń wo ọmọ fún ìyá ọlọ́mọ? Béèrè lọ́wọ́ àwọn tí kò wá. Àwọn tó wá kò lè sọ ọ́ fún ọ.

Ní ti ohun tí ẹ máa kà, mú ohun kúkúrú, kí ẹ sì kà á sókè níbẹ̀. Bí o bá ní kí wọ́n ti ka odindi ìwé wá láti ilé, ojú á máa ti ẹni tí kò ráyè kà á, kò sì ní wá mọ́. Ṣùgbọ́n bí gbogbo yín bá jọ gbọ́ ojú ewé mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tó kàwé púpọ̀ àti ẹni tí kò mọ̀wé kà rárá jọ bẹ̀rẹ̀ láti ibì kan náà ni. Tẹ ẹ̀dà rẹ̀ ní lẹ́tà ńlá. Lẹ́yìn náà, béèrè ohun tí ìwọ alára kò tíì rí ojútùú rẹ̀. Àwọn èèyàn máa ń mọ̀ bí ìdáhùn bá ti wà lápò atọ́kùn, ìdánwò ni wọ́n sì máa ń kà á sí. Nílé ẹ̀kọ́ àwọn àgbà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Rødding, ní Denmark, lọ́dún 1844, láti inú èrò Grundtvig, àlùfáà kan tó jẹ́ ọmọ ibẹ̀, kò sí ìdánwò. Irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ṣì pọ̀ ní Denmark títí dòní. Tí ọ̀rọ̀ bá sì dákẹ́, má sáré fi ọ̀rọ̀ tìrẹ dí i. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn máa ń bí nǹkan.

Ìbẹ̀rù kan ló bà mí nínú apá ètò àṣà tí o kọ. O ní ẹ máa pe àwọn àgbà wá fi ijó àti ìtàn han àwọn àlejò. Ta ló yan ohun tí wọ́n máa fi hàn? Bí kì í bá ṣe àwọn fúnra wọn, ẹ ti sọ wọ́n di ohun ìwòran. Àwọn ni kí wọ́n pinnu èyí tó ṣeé sọ ní gbangba àti èyí tí kò ṣeé sọ. Bí ẹ bá sì máa gba ohùn wọn sílẹ̀, ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó tan ẹ̀rọ, kí ẹ sì fún wọn ní ẹ̀dà tiwọn. Ìdílé wọn ló kọ́kọ́ ni ín.

Owó wá ńkọ́? Má dúró de owó ìrànwọ́ ńlá. Láti 1965 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti ní àjọ tó ń náwó sórí irú ètò báwọ̀nyí, ìgbìmọ̀ 56 ní àwọn ìpínlẹ̀ àti agbègbè wọn sì ń gba owó lọ́dọ̀ rẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ìwé ṣàdédé dé pé wọ́n ti fagi lé owó náà. Mellon Foundation, àjọ aládàáni kan tó ń fowó ṣèrànwọ́, kéde mílíọ̀nù 15 dọ́là láti fi dì wọ́n mú, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ètò ni wọ́n ní láti dá dúró. Bí wọ́n bá fún ọ lówó, gbà á tayọ̀tayọ̀. Àmọ́ má jẹ́ kí ohun tí yóò mú kí ìjókòó wáyé ju yàrá kan, ìtàn kan àti ẹni tó lè fetí sílẹ̀ lọ.

Mo fi ìtàn kúkúrú méjì sínú àpò ìwé yìí. Mú èyí tó bá wù ọ́ nínú wọn fún ìjókòó tó ń bọ̀, kí o sì kọ ìbéèrè tí o fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kí ọjọ́ náà tó pé, ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Bá mi kí gbogbo àwọn díẹ̀ tó ń wá yẹn.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́